Wọ́n ní pọ́ǹpù epo mọ́tò mi ti kú: ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó náwó

Ìyá Ìbejì Láwánsọ̀n:
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Corolla 2005 ni mò ń wà. Láàárọ̀ àná, mo já àwọn ọmọ sílẹ̀ ní ilé-ìwé, mo pa mọ́tò, mo bá olùkọ́ wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀. Nígbà tí mo padà yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnì ń yí, kò sítáàtì. Bátìrì le dáadáa, epo inú táńkì ju ìlàjì lọ. Mẹkáníìkì tí wọ́n bá mi pè yí kọ́kọ́rọ́, ó tẹ́tí sí ẹ̀yìn mọ́tò, ó ní òun kò gbọ́ kí pọ́ǹpù dún, pé ó ti kú. Owó tó bù fún mi kò kéré rárá. Ṣé kí n lọ ra òmíràn ní ọjà Ládípọ̀? Tuntun ni àbí tòkunbọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò mọ́tò yìí.

Rìwáyà Òṣòdì:
Ẹ kú ìnira, Ìyá Ìbejì. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Pọ́ǹpù tí kò dún lè ti kú lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ pé iná ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo ti rí mọ́tò tí wọ́n pààrọ̀ pọ́ǹpù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wáyà ló já.

Ohun kan ń kọ mí lóminú nínú ọ̀rọ̀ yín. Ṣé ON nìkan, láì jẹ́ kí ẹ́ńjìnì yí, ni mẹkáníìkì yẹn yí kọ́kọ́rọ́ sí? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kò tíì yẹ pọ́ǹpù wò. Àwọn mọ́tò kan wà tí pọ́ǹpù wọn máa ń dún fún bí ìṣẹ́jú àáyá 2 tí ẹ bá ti yí i sí ON. Ọ̀pọ̀ Toyota kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àfi ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá ń yí ni rìlé, ìyẹn súìsì kékeré tó ń ṣí iná sílẹ̀, máa fún un ní iná.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé ìjókòó ẹ̀yìn sókè. Ìdérí pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni wáyà pọ́ǹpù ti jáde. Kí ẹnì kan máa yí ẹ́ńjìnì, kí ẹnì kejì fi mítà wo iye iná tó ń dé ibẹ̀. Bátìrì lè wálẹ̀ sí bíi fóòtì (volt) 10 tí sítátà bá ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹ má wá 12 gééré. Ẹ wo wáyà ẹ́ẹ̀tì náà, èyí tó ń dá iná padà sí ara mọ́tò. Mítà nìkan sì lè tan èèyàn jẹ: wáyà tó ti dípẹtà máa ń fi 12 hàn nígbà tí kò sí ohun tó ń fa iná lórí rẹ̀. Bọ́ọ̀bù iná bíréèkì ni mo máa ń so mọ́ ọn. Tó bá mọ́lẹ̀ kedere, tí pọ́ǹpù kò sì yí, pọ́ǹpù ló kú. Tí kò bá tàn, ẹ padà síwájú: fíùsì EFI (ti ẹ̀rọ tó ń fún epo sínú ẹ́ńjìnì), rìlé, wáyà. Òórùn epo wà níbẹ̀ o, kí ẹnikẹ́ni má ta iná síbẹ̀.

Awakọ̀ Ìkòròdú Road:
Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Rìwáyà. Ẹ fi ọwọ́ gbá ìdí táńkì lábẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń yí i. Tó bá sítáàtì, pọ́ǹpù ti ń kú lọ nìyẹn. Ẹ má sì máa jẹ́ kí epo gbẹ nínú táńkì, epo ló ń tu pọ́ǹpù lára.

Ọmọ Ládípọ̀:
Tó bá jẹ́ pé rírà náà ló kù, ẹ gbé èyí tó wà nínú rẹ̀ dání lọ kí wọ́n fi wé e. Tòkunbọ̀ kò ṣeé gbọ́kàn lé fún pọ́ǹpù, ẹ kò mọ ọdún tó ti lò. Kí wọ́n pààrọ̀ asẹ́ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú. Tí wọ́n bá ní géèjì, kí wọ́n wọn agbára epo, 44 sí 50 psi ló yẹ Corolla yìí.

Bọ̀dá Yábàá:
Ìyá Ìbejì, ṣé tírákà, ẹ̀rọ tó ń tọpa mọ́tò, wà nínú mọ́tò yín?

Ìyá Ìbejì Láwánsọ̀n:
Ó wà o, bàbá àwọn ọmọ ló ní kí wọ́n fi sí i lọ́dún tó kọjá. Kí ló fà á?

Bọ̀dá Yábàá:
Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi í sínú mọ́tò ló máa ń gé wáyà pọ́ǹpù epo, tí wọ́n á so ó mọ́ tírákà, kí wọ́n lè pa mọ́tò láti ọ̀nà jíjìn tí olè bá gbé e. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀.

Ìyá Ìbejì Láwánsọ̀n:
Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run á bù sí i fún yín. Rìwáyà àdúgbò wá láàárọ̀ yìí. Bọ́ọ̀bù kò tàn rárá nídìí pọ́ǹpù. Fíùsì dáa, rìlé dáa. Ó tú abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó bá àpótí dúdú kékeré kan níbẹ̀. Wọ́n kàn lọ́ wáyà mọ́ra ni, wọ́n fi téèpù wé e, kò sí òjé kankan, ó sì ti jó. Ó já ti tírákà kúrò, ó so wáyà pọ̀ padà, mọ́tò sítáàtì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ṣùgbọ́n bàbá wọn fẹ́ kí tírákà náà padà. Kí ni kí n ṣe?

Rìwáyà Òṣòdì:
Ẹ jẹ́ kó padà, àmọ́ kí wọ́n fi sí wáyà tó ń pàṣẹ fún sítátà, kí wọ́n sì jó o pọ̀ pẹ̀lú òjé. Tí ìsopọ̀ orí wáyà pọ́ǹpù bá tún bàjẹ́, mọ́tò lè kú mọ́ yín lórí afárá Third Mainland pẹ̀lú àwọn ọmọ nínú rẹ̀. Ti sítátà kò lè dá olè tó ti ń wà á lọ dúró, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ibi tó bá ti pa á, kò ní sítáàtì fún un mọ́.