Ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn: orin ìwé ní key tí ọwọ́ mi ò mọ̀

ỌmọÒkèFíà
Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o, ẹ̀yin ará. Ọdún kejì rèé tí mo ti ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ìjọ wa ní Òkè-Fíà, Òṣogbo. Key (ibi tí do orin wà) C, F àti G ni ọwọ́ mi mọ̀. Orin tó bá ti ní flat (♭, àmì tó ń mú nóòtù wálẹ̀ díẹ̀) mẹ́rin nínú ìwé, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Bàbá tó ń dá orin fún wa kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni, ibi tí ohùn wọn bá bọ́ sí ni. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, D flat ni. Mo wá a títí ìlà méjì, mo bá gbé ọwọ́ kúrò, ìlù àti àtẹ́wọ́ ni ìjọ fi kọ ọ́ parí. Ó dùn mí wọra. Ìkórè ku oṣù méjì. Ṣé kí n kúkú máa lo bọ́tìnì transpose, tó ń gbé ohùn kíbọ́ọ̀dù sókè tàbí wálẹ̀ fúnra rẹ̀, ni?

BàbáDùùrù
Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Fi orúkọ nóòtù sílẹ̀ ná, sol-fa (do re mi) ni kí o máa kà. Mú ohùn Old Hundredth, tó ti wà nínú ìwé Sáàmù Geneva láti 1551. Ìlà kìíní rẹ̀ ni do do ti la so do re mi. Kọ ọ́ títí yóò fi mọ́ ọ lẹ́nu. Ní G, ó di G G F♯ E D G A B. Gbé do lọ sí D flat, ó di D♭ D♭ C B♭ A♭ D♭ E♭ F. Orin kan náà ni, ilé ló kó kúrò. Ọwọ́ òsì, do, fa àti so nìkan ni kó kọ́kọ́ máa wá. Key kan lọ́sẹ̀ tó, kí D flat ṣe ìkẹyìn. Ṣebí do re mi ni wọ́n fi kọ́ wa ní àmì ohùn Yorùbá nílé ìwé, etí rẹ ti mọ̀nà ju bí o ṣe rò lọ.

ÌyáAlto
Transpose ò burú, àmọ́ ó ti dójú tì mí rí. Níbi ìsìnkú kan, mo gbé e sí +3 fún orin kan, mi ò rántí dá a padà sí 0. Orin tó tẹ̀ lé e, C ni mo tẹ̀, E flat ló ń jáde. Ọ̀nà ọ̀fun àwọn treble, àwọn olóhùn òkè, fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Opó olóògbé gbé ojú sókè wò mí. Títí dòní, mi ò gbàgbé ojú yẹn. Ẹ kọ́ ọwọ́ yín.

TenorÌgbóǹnà
Ẹ má bínú, Bàbá, èmi ò ní ní kó fi D flat ṣe ìkẹyìn. Ó rọ ọwọ́ lọ́rùn ju C lọ: àwọn ìka gígùn á gun nóòtù dúdú máràárùn-ún, àtàǹpàkò á bọ́ sórí F àti C. Chopin pàápàá, àgbà olórin dùùrù ayé àtijọ́ nì, key B tó kún fún nóòtù dúdú ló kọ́kọ́ fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ní ti flat mẹ́rin inú ìwé, B, E, A, D ni wọ́n máa ń tò ó. Èyí tó ṣáájú ìkẹyìn ni do. A flat nìyẹn.

Bí bàbá bá dá orin, ẹ yí ohùn kíbọ́ọ̀dù wálẹ̀, kí ẹ máa kùn do sínú, kí ìka ọwọ́ òsì kan máa wá a jẹ́jẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ìlà kìíní tán. Ìlà kejì ni kí ẹ wọlé. Kò sẹ́ni tó máa bi yín pé níbo lẹ wà.

Bí iná bá lọ, ẹ má gbé e tì. Ẹ gbọ́wọ́ lé kíbọ́ọ̀dù tó dákẹ́ náà, kí ẹ máa fẹnu kọ sol-fa rẹ̀.

ỌmọÒkèFíà
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Iná lọ lálẹ́ àná lóòótọ́, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan. Orí la, B♭ yẹn, ni ìka mi ti ń yọ̀. Ìka wo ni kí n fi tẹ̀ ẹ́?

BàbáDùùrù
Ìka kejì ọwọ́ ọ̀tún lórí D♭, àtàǹpàkò lórí C, kí ìka kẹrin gba òkè rẹ̀ kọjá sórí B♭, ìkẹta lórí A♭. Ṣe é díẹ̀díẹ̀, ní ogún ìgbà, kí o tó sùn lálẹ́ yìí.