Tíṣà ti sùn: kí lẹ rántí nípa wọn?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́bọ tó kọjá ni a sin Tíṣà wa sí ilé wọn ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn. Èrò pọ̀ débi pé àga dé ojú títì. Wọ́n sọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, wọ́n sọ̀rọ̀ ìjọ wọn, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ kí ẹnì kan dárúkọ yàrá kékeré ẹ̀yìn ilé yẹn, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wa níṣẹ́ rédíò ní gbogbo Sátidé láìgba kọ́bọ̀. Ibẹ̀ lèmi ti mọ̀ wọ́n. Ẹ jẹ́ ká kó ohun tí a rántí jọ síbí, kó má bàa bá wọn wọ ilẹ̀.

Èmi ni kí n bẹ̀rẹ̀. Fọ́ọ̀mù tú ni mo wà. Wọ́n gé páìpù oníke kan fún mi, wọ́n ní kí n wé wáyà kọ́pà mọ́ ọn lára nígbà ọgọ́rin, kí ọ̀kan má gun orí èkejì. Ó gbà mí ní odindi ọ̀sán. Wọ́n mú dáyóòdù OA91 kan, ohun tí ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo, tí kò ju hóró ìrẹsì lọ, wọ́n yọ kàpásítọ̀ tí a ń yí láti fi wá ilé iṣẹ́ rédíò nínú rédíò àlòkù, wọ́n sì fún mi ní ohun ìgbọ́rọ̀ kan tí a ń kì bọ etí. Wáyà gígùn kan lọ sórí igi máńgòrò, òmíràn wọ inú ilẹ̀ tútù lẹ́bàá kànga. Mo wá ń wá bátìrì kiri orí tábìlì.

Wọ́n ní, "Bátìrì kí lò ń wá? Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni yóò gbé ohùn ara rẹ̀ wá bá ọ."

Mo ti ohun ìgbọ́rọ̀ náà bọ etí, mo ń yí kàpásítọ̀ díẹ̀díẹ̀, àfi bí mo ṣe gbọ́ obìnrin kan tó ń ka ìròyìn lédè Yorùbá, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú ìkòkò. Kò sí bátìrì, kò sí NEPA. Agbára tó jáde láti orí òpó ilé iṣẹ́ rédíò, tó gba òfurufú kọjá, tó bà sórí wáyà wa, òun gan-an ló ń mi ohun tó wà létí mi. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí. N kò tíì gbọ́ ohùn kan tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà.

Àwọ̀ ara résísítọ̀, ohun kékeré tí ń dín iná kù, tí wọ́n ń fi àwọ̀ kọ iye rẹ̀ sí lára, ńkọ́? Bí ọmọ ilé kéú ṣe ń ké wálàá ni wọ́n ṣe kọ́ wa: dúdú òfo, bíráwùn ọ̀kan, pupa méjì, ọsàn mẹ́ta, ìyeyè mẹ́rin, ewé márùn-ún, aró mẹ́fà, àlùkò méje, eérú mẹ́jọ, funfun mẹ́sàn-án. Bí wọ́n bá gbé ọ̀kan sókè tó jẹ́ ìyeyè, àlùkò, pupa, gbogbo wa á pariwo pé 4,700, torí àwọ̀ kẹta ló ń sọ iye òfo! Ta ló tún kù tó mọ̀ ọ́n ké?

* * *

Ẹ kú ìrántí, ẹ̀gbọ́n. Mo ṣì mọ̀ ọ́n ké, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi náà mọ̀ ọ́n.

Èmi ò sí lára àwọn ọmọ Sátidé. Rédíóníìkì, iṣẹ́ títún rédíò ṣe, ni mò ń kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Èkótẹ̀dó. Oníbàárà kan fẹ́ máa fi iná NEPA lo rédíò mọ́tò nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọ̀gá mi sì ní kí n to ohun tí yóò máa fún un ní iná bíi ti bátìrì mọ́tò. Mo mú tiransífọ́má tí ń sọ iná NEPA di 12 fóòtì, dáyóòdù 1N4007 mẹ́rin, àti kàpásítọ̀ ńlá kan tí ń gbá iná mú pamọ́, tí wọ́n kọ 16 fóòtì sí lára, ìyẹn ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Mo rò ó pé 12 kò tó 16, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ni NEPA mú iná dé pẹ̀lú agbára, kàpásítọ̀ náà bú gbàù, bébà inú rẹ̀ àti omi rẹ̀ fọ́n sí mi lójú. Ọlọ́run ló kó ẹyinjú mi yọ.

Ọ̀gá mi nà mí, ó sì ní kí n gbé e tọ Tíṣà lọ. Tíṣà ò bínú rárá. Wọ́n kọ́kọ́ yẹ ojú mi wò dáadáa, wọ́n fi kàpásítọ̀ mìíràn sí i, wọ́n wá na míta tí a fi ń wọn iná sí mi, wọ́n ní kí n wọ̀n ọ́n. Kó tó dé dáyóòdù, 12. Lẹ́yìn kàpásítọ̀, ó lé ní 15. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, míta yìí ti bàjẹ́."

Wọ́n fi ìka ya ìgbì omi sórí iyẹ̀pẹ̀. Wọ́n ní iná NEPA ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀ bẹ́ẹ̀, àti pé 12 tí míta ń pè kì í ṣe góńgó rẹ̀. Góńgó rẹ̀ ni kàpásítọ̀ ń gbá mú. Fi 1.414 sọ 12 di púpọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 17. Dáyóòdù méjì tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà yóò gba tiwọn níbẹ̀, ó kù 15 àti díẹ̀. Bí NEPA bá wá fò láti 220 sí 260, ohun tó dé orí kàpásítọ̀ á kọjá 18. Ẹni tí a di ẹrù 16 lé lórí ni mo gbé 18 rù. Wọ́n ní, "Fi 25 sí i, tàbí 35, kó o sì sùn." Ogún ọdún ó lé nìyẹn, kàpásítọ̀ kankan ò tíì bú lọ́wọ́ mi mọ́.

* * *

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ nígbà yẹn á rántí pé èmi nìkan ni obìnrin. Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni pé oṣù kejì ni màámi ti ní n kò gbọdọ̀ lọ mọ́. Wọ́n ní ta ni yóò fẹ́ ọmọbìnrin tí lẹ́ẹ̀dì tí a ń yọ́ fi so wáyà pọ̀ jó níka. Ata ni màámi ń lọ̀ fún àwọn èèyàn ní Mọ́kọ́lá, ẹ̀rọ náà sì ń fi iná mànàmáná ṣiṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà ni ẹ̀rọ yẹn dákẹ́. Tí wọ́n bá tàn án, á máa kùn hùn-ún, kò ní yí. Ẹni tó wá wò ó ní wáyà inú mọ́tò rẹ̀ ti jó, ó fẹ́ tún un wé, owó tó pè sì ju èrè oṣù méjì lọ.

Mo sáré lọ bá Tíṣà. Wọn ò tẹ̀ lé mi, èyí ló ń dùn mọ́ mi jù títí dòní. Wọ́n bi mí pé, ṣé ó ń rùn bí ohun tó jó? Mo ní rárá. Wọ́n ní, "Yọ bẹ́líìtì rẹ̀. Tan iná, fi igi ta ọ̀pá rẹ̀, má fi ọwọ́ kàn án. Tó bá yí fúnra rẹ̀ lẹ́yìn náà, wáyà rẹ̀ kò jó, kàpásítọ̀ tí ń ti í gbéra ló kú." Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lójú màámi. Ó yí! Owó ata ọjọ́ kan péré la fi ra kàpásítọ̀ náà, ọwọ́ mi ni mo sì fi so ó. Láti Sátidé yẹn lọ, màámi ló ń jí mi pé kí n má pẹ́ dé ọ̀dọ̀ Tíṣà.

* * *

Tèmi ò gùn. Wọ́n fi aṣọ ìnujú so ọwọ́ òsì mi mọ́ ẹ̀yìn lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ní bí ọwọ́ kan bá kan iná, tí èkejì di irin mú, àárín àyà ni iná yóò gbà kọjá. Manchester ni mo wà báyìí, ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ni mò ń tún ṣe. Ọwọ́ òsì mi máa ń wọ àpò fúnra rẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀.

* * *

Ẹ ṣeun gan-an o. Ọmọ wọn obìnrin ni mí. A ò mọ ìdajì nǹkan wọ̀nyí nínú ilé. Èyí tí àwa mọ̀ ni pé bàbá wa máa ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí láti gbọ́ rédíò ọ̀nà jíjìn, torí wọ́n ní òru ni òkè ọ̀run ń ta ohùn padà dáadáa. Wọ́n á kọ wákàtí, wọ́n á kọ nọ́ńbà ìgbì, wọ́n á kọ bí ohùn náà ṣe mọ́ tó láti 1 dé 5, wọ́n á sì fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ rédíò náà. Bó bá bá ohun tí ilé iṣẹ́ náà gbé sáfẹ́fẹ́ mu, ilé iṣẹ́ náà á fi káàdì dá bàbá wa lóhùn. Ti Cologne, ti Hilversum, ti Moscow, gbogbo rẹ̀ ṣì wà lára ògiri. Màámi máa ń ní àlejò tí kì í jẹun ló kúnlé àwọn.

Rédíò mẹ́sàn-án ló kù nínú yàrá ẹ̀yìn, bébà wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá mọ onírédíò, ẹ bá wa sọ fún un. Ọ̀kan ni: "Ìyá ẹlẹ́kọ. Ohùn ń lọ, ó ń bọ̀. Ìdọ̀tí ló wà níbi tí a ti ń yí ohùn, mo ti fọ̀ ọ́. Má gbowó." Òmíràn kò lórúkọ. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni: "Mo ti wọ̀n ọ́n dé tiransísítọ̀ kejì." Tiransísítọ̀ ni ohun tí ń mú ohùn lágbára sí i nínú rédíò. Míta wọn ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

* * *

Àbúrò, ẹ kú àfẹ́kù. Èmi tí mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ni. Mo ń bọ̀ ní Sátidé. Àbúrò mi tó kọ́ṣẹ́ ní Èkótẹ̀dó, ẹ pàdé mi níbẹ̀, ká bẹ̀rẹ̀ láti tiransísítọ̀ kẹta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ká wáyà orí máńgòrò.