Ẹja wo ló lè bá neon tetra gbé nínú táǹkì lítà 60?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ẹja sínú gíláàsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Táǹkì mi gba omi lítà 60. Ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi ti ń ṣiṣẹ́, ewéko ti ta gbòǹgbò, ammonia àti nitrite (májèlé tí ẹ̀gbin ẹja ń dá sílẹ̀ nínú omi) ti di òdo. Omi náà kò le (èròjà bíi kálísíọ̀mù ò pọ̀ nínú rẹ̀), pH rẹ̀ (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó) jẹ́ 6.8, ìgbóná rẹ̀ jẹ́ 25°C. Ẹja ló kù.

Neon tetra ni ọkàn mi fà sí jù. Ìlà búlúù ara wọn yẹn, tó máa ń kọ mànà bí gbogbo wọn bá jọ yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, ó rẹwà kọjá sísọ! Wọn kì í fẹ́ dá wà, ni mo ṣe fẹ́ kó mẹ́jọ. Corydoras mẹ́fà (ẹja kéékèèké tó ń jẹ̀ nísàlẹ̀ omi) á wà nísàlẹ̀, lórí yanrìn.

Ẹja kẹta ló rú mi lójú. Akọ betta kan ṣoṣo (ẹja onílẹbẹ gígùn tó máa ń jà) wù mí gan-an, ṣùgbọ́n àwọn kan ní yóò máa lé neon kiri, àwọn mìíràn ní neon gan-an ni yóò máa já lẹbẹ rẹ̀ jẹ. Guppy fẹ́ràn omi líle, wọ́n sì ń bí jù fún irú àyè yìí. Angelfish ò tilẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀: bó bá dàgbà, á gbé neon mì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kó betta àti neon pọ̀ rí, ṣé wọ́n gbé ní ìrẹ́pọ̀? Èwo ló yẹ kó kọ́kọ́ wọlé? Àbí kí n fi mọ sí oríṣi méjì?