Oògùn ojú ara lẹ́yìn tí nǹkan oṣù dúró: ìwé inú páálí rẹ̀ ń dẹ́rù bà mí

Ìyá Ìbejì, Peckham
Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin àǹtí mi, ẹ kúulé o. Ọmọ ọdún 55 ni mí, nǹkan oṣù mi ti dúró láti ọdún mẹ́ta. Ooru òru ti lọ, ṣùgbọ́n ojú ara mi gbẹ, ó ń ta mí bí ẹni pé wọ́n fi ata sí i. Bí Bàbá Ìbejì bá ti sún mọ́ mi, àyà mi á ti máa já. Àrùn ìtọ̀ kò jẹ́ kí n sinmi: n ó lo oògùn apakòkòrò, á lọ, á tún padà.

Dókítà wá kọ Vagifem fún mi, 10 microgram, pé kí n máa tì í sínú ojú ara. Nígbà tí mo ka ìwé inú rẹ̀, mo rí jẹjẹrẹ ọmú, ẹ̀jẹ̀ dídì, rọpárọsẹ̀. N kò tíì fọwọ́ kàn án. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ọṣẹ dúdú àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí n fi fọ inú ibẹ̀. Ta ló ti lò ó rí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì
Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an ni. Ẹ dákun, ọṣẹ kankan kò gbọdọ̀ wọ inú ibẹ̀, àti ọṣẹ dúdú àti Dettol. Omi lásán tó, ìta nìkan ni kí ẹ fi fọ̀.

Ẹ̀sítírójìn, họ́mọ̀nù obìnrin tó wà nínú Vagifem yẹn, ló ń jẹ́ kí awọ ibẹ̀ nípọn kó sì tutù. Òun náà ló ń gbé àwọn bakitéríà rere ró, àwọn tí kì í jẹ́ kí kòkòrò ìdí ríbi jókòó. Bó bá ti dínkù, awọ á fẹ́lẹ́, ọ̀nà ìtọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á jìyà. Apakòkòrò lè pa kòkòrò, kò lè tún awọ ṣe.

Ìkìlọ̀ tí ẹ kà yẹn, HRT (oògùn tí ń fi họ́mọ̀nù rọ́pò èyí tó dínkù lára) tí wọ́n ń gbé mì ló ti wá, pàápàá ìwádìí Women's Health Initiative ti Amẹ́ríkà lọ́dún 2002. Ẹ jẹ́ ká ṣírò tiyín: hóró kan lálaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Gbogbo ọdún kò ju 1.14 mg lọ (1,000 microgram ni 1 mg). Ẹni tó ń gbé HRT mì lè lo 1 mg tàbí 2 mg lójúmọ́ kan ṣoṣo! Èyí tó ń dé inú ẹ̀jẹ̀ nínú tiyín kéré jọjọ, kò tilẹ̀ nílò progesterone, họ́mọ̀nù kejì tí wọ́n máa ń fi kún HRT láti dáàbò bo ilé ọmọ.

Ẹ fún un ní àkókò, ó lè tó oṣù mẹ́ta kó tó ṣiṣẹ́ tán. Bí ẹ bá sì dá a dúró, gbígbẹ náà á padà.

Ìyá Ṣadé
Èmi ti lò ó, ara tù mí. Ike tẹ́ẹ́rẹ́ ló bá a wá, ẹ dùbúlẹ̀, ẹ rọra tì í. Ẹ béèrè HRT prepayment certificate, ìwé tí ẹ ó fi sanwó oògùn HRT sílẹ̀ ṣáájú, lọ́wọ́ kẹ́mísì: owó ìwé oògùn méjì fún odidi ọdún. Ṣùgbọ́n Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ̀gbọ́n mi ti ní jẹjẹrẹ ọmú, letrozole ló ń lò. Ṣé òun náà lè lò ó?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì
Kó má bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ o. Ńṣe ni letrozole kì í jẹ́ kí ara ṣe ẹ̀sítírójìn, nítorí náà dókítà jẹjẹrẹ rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Kó fi ìpara amáratutù tí kò ní họ́mọ̀nù bẹ̀rẹ̀ ná. Ẹni yòówù tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, tó wá rí ẹ̀jẹ̀, bó tiẹ̀ kán tóótòó, kó lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.