Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí fọ́tò ẹyẹ etí òkun

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ya ẹyẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Sanderling ni mò ń yà, àwọn ẹyẹ kéékèèké tó máa ń sáré tẹ̀lé ìgbì tó ń padà, tí wọ́n á sì tún sá fún un tó bá ń bọ̀. Lẹ́ǹsì 400mm ni mò ń lò, mo sì máa ń dojú bolẹ̀ lórí iyanrìn kí kámẹ́rà lè bá ojú wọn dọ́gba. Ìyẹn dùn mọ́ mi gan-an.

Ẹsẹ̀ wọn ni wàhálà. Tí mo bá fi ìyára tí kámẹ́rà fi ń ya fọ́tò (shutter speed) sí 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá, mo lè rí iyanrìn tó lẹ̀ mọ́ àgógó ẹnu wọn kedere, àmọ́ ẹsẹ̀ á rí bàìbàì. Tí mo bá lọ sí 1/3200, ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gbé ìmọ́lẹ̀ tó, á lọ sókè, àmì wẹ́wẹ́ bí èérún (noise) á sì bo fọ́tò. Èwo ni kí n fara mọ́? Ikùn wọn tó funfun ńkọ́, tóòrùn bá mú, tí ìyẹ́ ibẹ̀ ò hàn mọ́?

Mi ò fẹ́ lé wọn kúrò nídìí oúnjẹ o, torí ọ̀nà wọn jìn láti ìkángun àríwá ayé. Tí omi bá ń kún, ibo ló yẹ kí n dùbúlẹ̀ sí kí wọ́n lè fẹsẹ̀ ara wọn sún mọ́ mi?