Ṣé ilé kan náà ni Ilojo Bar, Casa do Fernandez àti ilé Ọláìyá?

Ìbéèrè
Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin àgbà. Nígbà tí màmá mi àgbà bá ń júwe ọ̀nà Tinúbú ní Èkó fún wa, "ilé Ọláìyá" ni wọ́n máa ń pe ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí ó wà ní òpópónà Bámgbóṣé. Àwọn tí wọ́n mọ̀ nípa ilé àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tí wọ́n ti oko ẹrú Bùràsíìlì padà wálé, ń pè é ní Casa do Fernandez, ṣùgbọ́n Ilojo Bar ni mo kà nínú ìròyìn nígbà tí wọ́n wó o. Ṣé ilé kan náà ni? Báwo sì ni ilé tí ẹbí ń gbé ṣe wá di báà?

Èsì kìíní
Ilé kan náà ni, nọ́ńbà 2, òpópónà Bámgbóṣé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n tún apá kejì ìbéèrè yín ṣe: ilé náà kò dìgbà di báà, torí ọtí àti oúnjẹ títà gan-an ni ẹbí Fernandez ṣe kọ́ ọ ní 1855. "Ilé" ni casa túmọ̀ sí lédè Potogí. Ní 1933 ni Alfred Omolana Olaiya, ọmọ Ìjẹ̀ṣà-Iṣu ní Èkìtì, rà á, òun sì ni bàbá Victor Olaiya tí gbogbo wa mọ̀ mọ́ fèrè àti orin háíláìfù. Ẹni tí ó ń sọ Casa do Fernandez ń dárúkọ ẹni tí ó kọ́ ilé. Màmá yín àgbà ń dárúkọ ẹni tí ó rà á.

Èsì kejì
Mo fara mọ́ èyí. Ẹ rántí pé lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní 1851 ni àwọn Àgùdà túbọ̀ ń wọlé láti Bùràsíìlì, níbi tí ẹrú níní kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀. 1888 ni wọ́n tó dá ẹrú sílẹ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà tí wọ́n kọ́ lọ́hùn-ún ni a rí lára ilé náà, pàápàá lára ilẹ̀kùn àti fèrèsé tí orí wọn tẹ̀ kọrọdọ bí òṣùmàrè. (Mo kíyè sí i pé z ni ó parí Fernandez, bẹ́ẹ̀ s ni àwọn Potogí fi ń parí rẹ̀ lónìí.)

Olùbéèrè
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé ìjọba ti kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Báwo ni ó ṣe wó?

Èsì kìíní
Òtítọ́ ni, 1956 ni ìkéde náà. Síbẹ̀, ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 2016, katakata wó o palẹ̀. Lójú tèmi, ìkéde kì í kan òrùlé, kì í sì í sanwó bíríkìlà. Ọwọ́ ẹbí Ọláìyá ni ilé wà, ilẹ̀ Tinúbú sì ti níye lórí ju ògiri tí ó wà lórí rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ilé tí a ń wí, ẹ lọ wo Water House ní òpópónà Kakawa, tí João Esan da Rocha, ọmọ Iléṣà tí ó ti Bùràsíìlì dé, kọ́. Omi kànga ni wọ́n ń tà níbẹ̀, òwò yẹn ni a sì fi ń pe ilé náà títí dòní, gẹ́gẹ́ bí a ṣe fi báà pe èkejì rẹ̀.