Ṣé ẹni tí kò ṣeré ìdárayá rí lè bá àwọn tó ń ṣe é bíi sójà ṣe é?

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún eré ìdárayá ẹlẹ́gbẹ́, irú èyí tí olùkọ́ máa ń pàṣẹ bí ọ̀gá sójà, tí gbogbo èèyàn á jọ máa sáré, tí wọ́n á máa fò sókè, tí wọ́n á tún dojú bolẹ̀ ṣe push-up. Iṣẹ́ ìjókòó ni mò ń ṣe. Bí mo bá gun àtẹ̀gùn báyìí, ńṣe ni mo máa ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ariwo olùkọ́ ò bà mí lẹ́rù, orúnkún mi ni mò ń rò. Mo mọ̀ pé èèyàn lè fi orúnkún kanlẹ̀ ṣe push-up, tàbí kó fọwọ́ ti ògiri ṣe é, kó sì máa rìn kíákíá dípò kó máa fò. Ṣé àwọn olùkọ́ yìí máa ń gbà bẹ́ẹ̀, àbí dandan ni kí n bá ẹgbẹ́ dọ́gba?

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú ṣeré ìdárayá níwọ̀ntúnwọ̀nsì lọ́sẹ̀, kó sì fi ọjọ́ 2 ṣe èyí tó ń fún iṣan lókun. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni ẹgbẹ́ tí mo rí ń pàdé. Ṣé kí n máa lọ ní gbogbo ìgbà, àbí kí n kọ́kọ́ máa dá rìn nílé ná?

Ìbéèrè tó ká mi lára jù rèé: iṣan ríro lọ́jọ́ kejì kì í ṣe nǹkan bàbàrà, ṣùgbọ́n báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ìpalára ló dé yìí, kì í ṣe ara ríro lásán? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.